Ọṣẹ Olómi: Kí Ló Ń Mú Un Ki, Kí Ló Ń Sọ Ọ́ Di Omi?

Àwọn tó ń po ọṣẹ olómi tà kì í sábà pè mí nígbà tí ọṣẹ bá dára. Ìgbà tó bá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń rántí nọ́ńbà mi. Aago mọ́kànlá alẹ́ á lù, fóònù á dún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọṣẹ mi ti di omi o, oníbàárà sì ń bọ̀ láàárọ̀." Ìbéèrè wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ni mo ṣe ní kí n kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Mi ò kọ rẹ́sípì síbẹ̀ o. Rẹ́sípì pọ̀ nígboro. Ìdí tí rẹ́sípì kan fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín, tó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tiyín, ni mo fẹ́ sọ.

Ṣé bí kẹ́míkà bá ṣe pọ̀ tó ni ọṣẹ ṣe máa ń ki tó?

Rárá o. Ọṣẹ tí kẹ́míkà inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ lè ki bí oyin, kí èyí tó ní ìlọ́po méjì ìyẹn sì máa ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Bí mólékù ọṣẹ ṣe tò ara wọn sínú omi ló ń pinnu rẹ̀.

Mólékù ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní orí, ó ní ìrù. Orí fẹ́ràn omi; ìrù kórìíra omi, epo ló bá tan. Tí ẹ bá bu díẹ̀ péré sínú omi, kálukú wọn á máa dá rìn. Tó bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, wọ́n á ṣù jọ, ìrù á sá sínú, orí á kọjú síta. Ìdì ni èmi ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Micelle ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Fún SLS, páúdà funfun tí gbogbo wa ń rà yẹn, bíi gíráàmù 2.3 nínú lítà omi kan ti tó kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù jọ, nǹkan bí 60 mólékù ló sì máa ń wà nínú ìdì kan.

Ìrísí ìdì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bó bá rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ọṣẹ á ṣàn, torí ìdì kọ̀ọ̀kan á kàn máa yí gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá ni. Bó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ekòló, wọ́n á lọ́ mọ́ra, ọṣẹ á sì ki. Ẹ da ẹ̀wà tí wọn ò tíì sè láti inú àwo kan sí òmíràn, ẹyọ ẹyọ ni á máa bọ́. Ẹ wá da sìpàgẹ́tì tó ti jinná: gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọṣẹ kan náà lè jẹ́ ẹ̀wà láàárọ̀, kó di sìpàgẹ́tì lọ́sàn-án, láìjẹ́ pé ẹ fi gíráàmù kẹ́míkà ọṣẹ kan kún un.

Ní 1976, Jacob Israelachvili àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣàlàyé ohun tó ń yí ìrísí náà padà. Bí orí bá ń gba àyè púpọ̀, ìdì á rí róbótó. Bí àwọn orí bá lè súnmọ́ra, á di ọ̀pá gígùn. Bí wọ́n bá tún súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kún ọṣẹ, iyọ̀ ni o, lọ́fíńdà ni o, foam booster tó ń mú fóòmù pọ̀ ni o, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó máa mú àwọn orí súnmọ́ra ni àbí ó máa tú wọn ká.

Mo fi iyọ̀ sí i, ó ki. Mo tún fi díẹ̀ sí i kó lè ki sí i, ló bá di omi. Ṣé ayédèrú ni iyọ̀ náà?

Iyọ̀ yín ò jẹ̀bi. Ohun tó ṣe yín ti ṣe èmi náà rí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyá oníyọ̀ jà lórí ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà mi àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ fún mi pé tí kò bá ti ki, iyọ̀ ni. Mo da kóńgò kan sí i, ọṣẹ ki, ọmọrogùn dá dúró gbọnin láàárín rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ní kí n tún ṣe sí i, kó lè jẹ́ pé tí oníbàárà bá bu omi là á, á ṣì ki. Mo da kóńgò kejì. Ojú mi báyìí ni ọmọrogùn fi rọra tẹ̀, tó sì fẹ̀gbẹ́ lé etí dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ọṣẹ ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ó sì ti ń pín sí méjì.

Ohun tó fà á nìyí. Orí Texapon (kẹ́míkà ọṣẹ tó ki tí wọ́n ń tà nínú ike), ti SLS, àti ti sulphonic acid (ásíìdì tí a fi ń po ọṣẹ) tí ẹ ti fi caustic soda pa oró rẹ̀, iná négátíífù ni gbogbo wọn gbé. Iná kan náà kì í fẹ́ súnmọ́ra. Wọ́n dà bí orogún tí wọ́n ní kó jókòó sórí ẹní kan: kálukú á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, orí á máa gba àyè, ìdì á rí róbótó. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ní tirẹ̀ gbé iná pọ́sítíífù. Tó bá wọ àárín wọn, ṣe ló dà bí ìyá ọkọ tó wá jókòó sáàárín àwọn orogún. Ariwo á rọlẹ̀, wọ́n á súnmọ́ra. Ìdì á máa gùn sí i, á lọ́ mọ́ra, ọṣẹ á sì ki dé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí iyọ̀ bá wá kọjá ààlà, àwọn ìdì gígùn á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn, wọ́n á yọ ẹ̀ka bí oríta. Ẹ lè rò pé ẹ̀ka á tún mú un ki sí i. Kì í rí bẹ́ẹ̀, torí oríta yìí kì í dúró sójú kan. Ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára ìdì, ibi tó ti lọ́ mọ́ra á sì tètè tú. Ọṣẹ á tún máa ṣàn. Tí ẹ ò bá dáwọ́ dúró, omi á kọ ọṣẹ sílẹ̀ pátápátá, ọṣẹ á ya sọ́tọ̀. Òkè ni ọ̀rọ̀ iyọ̀: ẹ ń gùn ún, ẹ dé góńgó, ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ibi tó dé lórí òkè náà ni iyọ̀ ń dá lóró.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n iyọ̀ tó bá ọṣẹ tèmi mu?

Ẹ má fi dúrọ́ọ̀mù dán an wò, ife ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tó lè wọn gíráàmù kan. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ó, kò wọ́n.

Ẹ po ọṣẹ díẹ̀, kí gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan lọ́fíńdà àti àwọ̀, àyàfi iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ dín díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n sínú ife méje, gíráàmù 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ́ gíráàmù 200 iyọ̀ sínú gíráàmù 800 omi. Gíráàmù 5 omi iyọ̀ yìí ní gíráàmù 1 iyọ̀ nínú. Ẹ wá bù ú sínú àwọn ife náà báyìí: 0, 5, 10, 15, 20, 30, 40. Kí ohun tí ẹ fi kún wọn lè dọ́gba, ẹ fi omi lásán pé e kó di 40 nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ife tó gba 15 omi iyọ̀ á gba 25 omi lásán. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ ò ní mọ̀ bóyá iyọ̀ ló sọ ọ́ di omi àbí omi tí ẹ fi yọ́ iyọ̀.

Ẹ rò ó, ẹ bò ó, ẹ lọ sùn. Láàárọ̀, nígbà tí fóòmù ti wálẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ti tutù bákan náà, ẹ mú ọmọ irin róbótó tó máa ń wà nínú béárínì kẹ̀kẹ́, ẹ jù ú sínú ife kọ̀ọ̀kan, kí fóònù yín máa ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé ìsàlẹ̀. Ife gíláàsì tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa jù fún un. Ẹ ó rí i bí òkè ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀: ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ife àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án nínú ìkẹrin, mẹ́ta nínú ìkeje.

Ká ní ife ìkẹrin ló dára jù. Gíráàmù 3 iyọ̀ ló wà nínú gíráàmù 240 ọṣẹ, ìyẹn gíráàmù 12.5 nínú kílò kan. Dúrọ́ọ̀mù 200 kílò á gba kílò 2.5. Ṣùgbọ́n èmi kì í lọ dé góńgó. Mo máa ń dúró díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, lápá ibi tí mo ti ń gùn bọ̀, kí àyè lè wà tí iyọ̀ díẹ̀ bá tún ti ibòmíràn wọlé. Ó sì máa ń wọlé.

Iyọ̀ wo ló tún ń ti ibòmíràn wọlé? Èmi ò fi iyọ̀ sínú ọṣẹ tèmi rárá.

Iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni iyọ̀. Soda ash, páúdà tí a máa ń fi sínú ọṣẹ, jẹ́ iyọ̀. STPP, páúdà mìíràn tí a máa ń fi sí i, jẹ́ iyọ̀. Sulphonic acid tí ẹ rà máa ń ní sulphuric acid díẹ̀ nínú, tí caustic soda bá sì ti pa á, iyọ̀ ló dà. Ó gba nǹkan bíi gíráàmù 12.5 caustic láti pa gíráàmù 100 sulphonic acid. Ẹni tó bá bu caustic jù, tó tún wá fi ásíìdì mìíràn dá a padà, tó tún fi caustic dá ìyẹn náà padà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ se iyọ̀ sínú ọṣẹ láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn méjì fi lè ra kẹ́míkà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Òjótà, kí wọ́n tẹ̀lé ìwé kan náà, kí tẹnìkan ki, kí ti ẹnì kejì ṣàn.

Omi náà ńkọ́? Omi kànga ẹ̀rọ ládùúgbò tó súnmọ́ ọ̀sà àti òkun, bíi Lẹ́kkí, lè ní iyọ̀ tí ahọ́n á tọ́ wò. Omi tó le, tí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, tún burú sí i fún ọṣẹ sulphonic, torí kálísíọ̀mù máa ń gbá a mú, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀fun. Bí ẹ bá kó ibi iṣẹ́ yín lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹ tún ife méje yẹn ṣe.

Ẹ tún rántí pé ọṣẹ tó jẹ́ sulphonic nìkan kì í gbọ́ràn sí iyọ̀ lẹ́nu bíi ti Texapon. Ó tètè máa ń dàrú. Ẹ fi Texapon là á.

Kí ló dé tí Texapon fi máa ń di kókó líle tí mo bá bu omi sí i? Ṣebí omi ló yẹ kó rọ̀ ọ́?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an, torí ó dà bí idán. Texapon inú ike, 70% rẹ̀ ni kẹ́míkà ọṣẹ. Ó ki, àmọ́ ó ń fà, ó ṣe é bù. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, dípò kó rọ̀, á le bíi rọ́bà! Àwọn ọmọṣẹ́ mi kan rò pé òjóró ni wọ́n fi ta á fún mi.

Ní 70%, àwọn mólékù tò pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ léra wọn, ẹní sì ń yọ̀ lórí ẹní, ó ṣì lè ṣàn. Tí omi bá wọ̀ ọ́ tó fi bọ́ sáàárín nǹkan bíi 60% sí 30%, ẹní á di ọ̀pá, àwọn ọ̀pá náà á sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí bí igi ìdáná tí wọ́n dì. Kò sí ibi tí ọ̀pá kankan fẹ́ gbà. Ìgbà tó bá tó nǹkan bíi 28% ni àyè á gba wọ́n, tí á sì di olómi.

Ẹni tó bá ń bu omi sórí Texapon díẹ̀ díẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gba inú igbó yẹn kọjá ni. Ẹ ṣe é ní òdìkejì: ẹ gbé omi kalẹ̀, kí ẹ máa fi Texapon sínú rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́. Èyí tó bá ṣì kó kókó, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kókó tí ẹ fi tipátipá lù fún wákàtí méjì, fóòmù nìkan lẹ máa rí níbẹ̀.

Ọṣẹ mi dára títí mo fi da lọ́fíńdà sí i. Kí ni lọ́fíńdà ṣe fún un?

Lọ́fíńdà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, àpapọ̀ òróró oríṣiríṣi ni. Òróró kan á wọnú ìdì lọ tààrà, á wú ikùn rẹ̀, ìdì gígùn á tún padà di róbótó. Òmíràn á dúró ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orí, á máa ṣe iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe; bí ọṣẹ yín bá ti wà ní góńgó òkè tẹ́lẹ̀, irú èyí á tì í sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń la lọ́fíńdà, bí ọtí àti glycol, ń tú ìdì ká ní tiwọn.

Kò sí bí mo ṣe lè fi ojú mọ èyí tó máa ṣe èyí. Ìdí tí mo fi ní kí lọ́fíńdà wà nínú ife méje yẹn látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń ta ọṣẹ òórùn ọsàn àti òórùn òdòdó láti inú dúrọ́ọ̀mù kan náà, ẹ má retí pé iyọ̀ kan náà ló máa tó àwọn méjèèjì.

Èwo ló dára jù, nitrosol tàbí iyọ̀?

Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni. Iyọ̀ kì í ki fúnra rẹ̀. Ìdì ọṣẹ ló ń mú gùn. Nitrosol ní tirẹ̀ jẹ́ okùn gígùn tí wọ́n fi ohun ara igi ṣe, ó sì ń mú omi ki, yálà ọṣẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Nítorí náà, bí kẹ́míkà ọṣẹ inú omi yín bá kéré jù, kò sí iye iyọ̀ tó lè mú un ki, torí ìdì tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó láti lọ́ mọ́ra. Nitrosol tàbí irú rẹ̀ nìkan ló lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn rẹ́ oníbàárà jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ tú nitrosol sínú omi tútù, kó tú ká dáadáa, kẹ́ ẹ tó fi soda ash díẹ̀ sí i. Bí omi bá ti ní soda ash díẹ̀, nitrosol á tètè mu omi, á sì wú. Àwọn ìyá wa mọ nǹkan tó jọ ọ́: ẹni tó bá fi kán-ún se ewédú, ewédú rẹ̀ á fà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ mọ̀ pé ewédú tó bá sùn láìgbóná kì í fà mọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ti gé okùn inú rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe ọṣẹ nitrosol tó ki lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó wá di omi tó ń rùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iyọ̀ ò lè tún ìyẹn ṣe. Ó gba ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, kí ohun èlò yín sì mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́: formalin ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ti fi formaldehyde inú rẹ̀ sípò kìíní lára àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Èmi ti jáwọ́ nínú rẹ̀, mo sì ń rọ̀ yín.

Kí ni foam booster ń ṣe gan-an?

Oríṣi méjì lẹ máa ń bá lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń pè ní CDEA kò gbé iná kankan. Ó ń jókòó sáàárín àwọn orí tó gbé iná négátíífù, á jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra, ọṣẹ á ki, fóòmù á sì pẹ́. Èyí tó ń jẹ́ betaine gbé iná pọ́sítíífù àti négátíífù lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bá Texapon rẹ́ gan-an. Tí betaine bá wà, iyọ̀ tí ẹ máa lò á dín kù, ẹ ó sì tètè dé góńgó òkè. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwọ̀n iyọ̀ àtijọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi betaine kún rẹ́sípì. IARC tún ka CDEA mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, èyí ló jẹ́ kí betaine wù mí jù fún ọṣẹ ìfọwọ́.

Láàárọ̀ ọṣẹ ki, lọ́sàn-án ó ń ṣàn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Oòrùn ni. Tí ooru bá pọ̀, àwọn ìdì gígùn á máa já sí kékeré, wọ́n á sì máa tètè tú kúrò lára ara wọn. Tó bá tutù, á padà. Ẹ má ṣe wọ̀n bí ọṣẹ ṣe ki tó nígbà tó ṣì gbóná lẹ́yìn tí ẹ pa sulphonic. Mo mọ ẹni tó da iyọ̀ sí ọṣẹ gbígbóná títí, tó tún wá ń bi mí lálẹ́ ìdí tó fi di nǹkan bíi jẹ́lì tí kò jáde lẹ́nu ike. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ dín SLS kù, ẹ lo Texapon: nínú òtútù, SLS lè dì, ọṣẹ á ṣú, á dà bíi pé ó bàjẹ́. Tí wọ́n bá gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, á tún mọ́ kedere.

Tí mo bá yí ike ọṣẹ tí mo sì dúró lójijì, fóòmù inú rẹ̀ máa ń ta padà sẹ́yìn. Kí nìyẹn?

Ojú yín mú! Àmì pé ìdì ti gùn, tí wọ́n sì ti lọ́ mọ́ra nìyẹn. Ọṣẹ náà ń ṣàn bí omi, ó sì tún ń fà bí rọ́bà. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí nitrosol ni pé okùn nitrosol tó bá já ti já nìyẹn, àmọ́ ìdì ọṣẹ ń já, ó ń so padà, ní gbogbo ìgbà. Michael Cates ló ṣe ìṣirò bí irú okùn alààyè bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣàn, ní 1987, ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò títí dòní.

Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì náà ń fi í ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń fi irú omi ọṣẹ tó ki bẹ́ẹ̀ gbé iyanrìn wọnú àpáta abẹ́ ilẹ̀. Tó bá ti pàdé epo níbẹ̀, epo á wọnú ìdì, ìdì á di róbótó, omi náà á ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Lọ́fíńdà tó sọ ọṣẹ yín di omi, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lọ́hùn-ún ló ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún máa ń fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sínú omi páìpù ńlá, kí omi lè máa lọ láìfi bẹ́ẹ̀ ha páìpù lára.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ṣé iyọ̀ lè mú un ki?

Omi eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọṣẹ dúdú. Pọtásíọ̀mù ló wà nínú omi eérú, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n fi caustic soda ṣe ló ń le bíi ọṣẹ onígun. Tí ẹ bá yọ́ ọṣẹ dúdú sínú omi, ìdì inú rẹ̀ náà gbé iná négátíífù, torí náà òfin kan náà ló bá a wí. Àmọ́ ìrù ọṣẹ tó ti inú àdín wá kúrú, kì í tètè gùn di ekòló. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ àti ti òróró àgbọn ló tilẹ̀ máa ń hó nínú omi òkun. Iyọ̀ ò lè mú un ki dáadáa. Tí ẹ bá ń da á sí i, ohun tí ẹ máa rí ni pé ọṣẹ á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Ẹ sè é díẹ̀ kí omi rẹ̀ dín, tàbí kí ẹ fi nitrosol sí i.

Ṣé ọṣẹ tó ki jù ló ń fọ nǹkan mọ́ jù?

Rárá. Ojú oníbàárà ló ń rà á. Tó bá ti dénú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, gbogbo ìdì gígùn yẹn á tú ká.

Dúrọ́ọ̀mù kan ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n dà á nù?

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Tó bá ń rùn, ẹ dà á nù. Tí kò bá rùn, ẹ bu ife mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀kan, omi lásán díẹ̀ sí èkejì, ọṣẹ tuntun tí kò ní iyọ̀ sí ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ pé ti omi iyọ̀ ló ki, iyọ̀ yín ò tíì tó ni. Tí omi lásán bá mú un ki, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, iyọ̀ ló pọ̀ jù, omi sì ti fà á padà sórí òkè. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn bomi kún dúrọ́ọ̀mù, torí kẹ́míkà inú rẹ̀ náà á dín kù. Ọṣẹ tí kò ní iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi là á.

Dúrọ́ọ̀mù tèmi tí mo sọ lókè yẹn, mi ò dà á nù. Mo gbé e sí igun ilé, mo dé e pa. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti po ọṣẹ tuntun, mi ò fi iyọ̀ sí i mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó kan láti inú èyí tó bàjẹ́ ni mò ń bù sí i, mo ń rò ó, mo ń wo ọmọrogùn. Òun ló di iyọ̀ mi fún bí oṣù mẹ́ta.